Ìwé Bàbá Tíṣà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé wa yìí, ẹ má bínú pé mi ò kọ ìtàn ìfẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní kí ló kan òǹkọ̀wé kan bọ́ọ̀lù. Ó kàn mí o. Ẹ ṣáà fara balẹ̀.

Ìwé kan ló fà á, ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé ọgọ́ta, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ táímùsì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín, ẹni tí gbogbo àdúgbò wa ní Ìkàrẹ́ mọ̀ sí Bàbá Tíṣà. Lẹ́yìn tí a sin ín tán, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pín agbádá àti àga, èmi ní kí wọ́n fún mi ní àpótí ìwé. Mo rò pé màá bá lẹ́tà àtijọ́ níbẹ̀, bóyá ewì pàápàá, torí Bàbá gbọ́ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni tó kọ́ mi ní kíláàsì lọ. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀ líìgì bọ́ọ̀lù ti ọdún 1983.

Líìgì yẹn, ẹ ò lè gbọ́ nípa rẹ̀ lórí rédíò. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ péré ni: márùn-ún láti àwọn àdúgbò Ìkàrẹ́, mẹ́ta láti Ọ̀kà. Bàbá Tíṣà ni akọ̀wé. Òun náà ló padà di akápò, nítorí ẹni tí wọ́n yàn sí ipò yẹn kó lọ sí Èkó kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù kìíní.

Kí n tó ṣí ìwé náà fún yín, ẹ jẹ́ ká wo bí bọ́ọ̀lù ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó pẹ́ jù tí àwọn òpìtàn máa ń tọ́ka sí ní Nàìjíríà ni èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Hope Waddell gbá ní Calabar ní 1904, pẹ̀lú àwọn atukọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Etí òkun ló ti wọ inú ilẹ̀. Nígbà tó dé Èkó, àwọn ilé-iṣẹ́ ló gbé e ró. Ní 1945 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Ife Gómìnà, Marine ló kọ́kọ́ gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, Railway gbà á títí, ìgbà méje kí ọdún 1964 tó parí. Ẹ wo orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ìgbà náà dáadáa: Marine, Railway, Police, ECN tó ń fún wọn níná. Ọ̀gá ọ́fíìsì ló ń ra bọ́ọ̀lù, òun ló ń sanwó ọkọ̀. Mi ò sọ pé ó ń ra bàtà o, torí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò wọ bàtà rárá, ẹnu sì ya àwọn òyìnbó.

Àkókó ńkọ́? Rélùwéè ò dé ọ̀dọ̀ wa. Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìlọrin ló gbà kọjá lọ sókè Ọya. Ohun tí àwa ní ni ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ọjà, àdúgbò, àti ilé-ẹ̀kọ́. Victory College bẹ̀rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ní 1947. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ hù káàkiri bí olú, ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì wà, wọ́n á wá ibi tí àwọn ọmọ á ti máa ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ wa mọ ohun tí mò ń wí: àpáta lọ́tùn-ún, òkè lósì. Pápá kan wà ní Ọ̀kà tó jẹ́ pé tí bọ́ọ̀lù bá ré kọjá ìlà, kò ní dúró títí á fi dé ìsàlẹ̀ òkè, ọmọdé kan á sì máa sáré tẹ̀ lé e, gbogbo èèyàn á jókòó dè é. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ò pọ̀, èyí tó wà, ti ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tíṣà ló di olórí bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa. Tíṣà ló ní féèrè, tíṣà ló ní agogo, òun náà ló lè kọ nǹkan sílẹ̀ kí ẹlòmíràn kà á.

Ìdíje ife ni gbogbo wa kọ́kọ́ mọ̀. Ife rọrùn. Ẹ pàdé, ẹ gbá a, ẹni tó bá fìdí rẹmi á gba ilé lọ. Tí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ jà, ẹ ò kúkú ní rí ara yín mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Líìgì ò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá wá bá wa lónìí, àwa náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ìlà méjì ni Bàbá Tíṣà fà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó kọ "Àlọ" sórí ọ̀kan, ó kọ "Àbọ̀" sórí èkejì. Ẹni tó bá ju òkúta lójọ́ àlọ, kó rántí pé àbọ̀ ń bẹ.

Nàìjíríà lápapọ̀ ò ní líìgì tó kárí orílẹ̀-èdè títí di 1972. Ẹ ro ọdún yẹn wò. Oṣù kìíní 1970 ni ogun abẹ́lé parí, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀ ní Enugu. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́, ìlú tó ti bára wọn jagun ní láti máa gba ara wọn lálejò, kí wọ́n bu omi fún ara wọn, kí wọ́n jẹ́ kí àlejò gbá góòlù wọlé, kó sì padà sílé ní àlàáfíà. Mighty Jets ti Jos gba ti àkọ́kọ́. Rangers gba ti 1974 àti 1975. IICC ti Ìbàdàn gba ti 1976, wọ́n sì tún gbé ife Áfíríkà wálé lọ́dún kan náà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan láti Nàìjíríà máa gbà. Mi ò sọ pé ó rọrùn. Nígbà tí Rangers àti IICC pàdé nínú ìdíje Áfíríkà ní 1977, wọn ò gbá a ní Enugu, wọn ò gbá a ní Ìbàdàn. Èkó ni wọ́n ti gbá ti àkọ́kọ́, Kàdúná ni wọ́n gbé èkejì lọ, pẹnáritì sì ni Rangers fi borí.

Ní 1976 yẹn náà, ní oṣù kejì, ni wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Bàbá mi ní nígbà tí IICC gba ife, àwọn ará Ìkàrẹ́ bọ́ síta, wọ́n ń jó, àwọn kan wá ń bi ara wọn pé ṣé ti Ìbàdàn ṣì kàn wá báyìí. Wọ́n jó o náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé.

Ẹgbẹ́ mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbá àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú méje yòókù, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 ni ti ẹgbẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ pátá jẹ́ 56. Tí ẹ bá ń gbá mẹ́rin ní Sátidé kan, Sátidé 14 ló máa gbà, bí òjò ò bá rọ̀, bí kò bá sí ọdún ìbílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò bá sì kú. Ẹ jọ̀ọ́, Sátidé wo ní Àkókó ni kò sí òkú ṣíṣe? Oṣù karùn-ún ni Bàbá Tíṣà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di ìparí oṣù keje, ó yẹ kí wọ́n ti gbá 48, àmọ́ 37 ló wà nínú ìwé. Ẹni tó bá borí gba àmì 2, ẹni tó bá ta ọ̀mì gba 1. Àmì 3 tí a mọ̀ lónìí ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn.

Ẹ̀yìn ìwé ni àkọsílẹ̀ owó wà, ibẹ̀ ni mo sì pẹ́ sí jù. Bíládà bọ́ọ̀lù. Owó ọkọ̀ rẹfirí láti Ọ̀wọ̀, torí Ọ̀kà ò gbà kí ará Ìkàrẹ́ fun féèrè fún wọn, Ìkàrẹ́ náà ò gbà. Eérú tí wọ́n fi fa ìlà pápá: "ọ̀fẹ́, láti ìdí ààrò ìyá alákàrà." Ìyá alákàrà yìí kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló yá líìgì lówó, Bàbá sì kọ ọjọ́ tó san án padà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlà mìíràn bẹ̀rẹ̀. "Bàbá tó ń to eegun, fún aṣọ́lé Ọ̀kà." "Iṣu márùn-ún fún ìyá aṣọ́lé." "Fọ́ọ̀mù WAEC, nọ́ńbà 9 wa." "Ìsìnkú, bàbá láínsìmàànù." Mo ka gbogbo ìlà ìnáwó náà, 41 ni. Nínú rẹ̀, 17 ni kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bọ́ọ̀lù gan-an. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé Bàbá ń náwó onówó ni. Mo tún un kà, mo rí i pé gbogbo ìlà yẹn ni àwọn aṣojú ẹgbẹ́ mẹ́jọ fọwọ́ sí, àwọn tí ò mọ̀wé fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ́lé yẹn, bàbá mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà, òun ló máa ń gbé bọ́ọ̀lù tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lójọ́ àlọ, ní Ìkàrẹ́ níbí, ọmọ wa kan já lu aṣọ́lé Ọ̀kà, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Òkúta fò díẹ̀, àwọn àgbà dá sí i. Àbọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn bọ́ sí oṣù kẹjọ.

Oṣù kẹjọ 1983! Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ẹnu ọ̀nà fásitì wa ní Àkùngbá lójoojúmọ́, orúkọ tó wà níbẹ̀ ni ti Michael Adékúnlé Ajásin, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979, ọmọ ẹgbẹ́ UPN. Akin Ọmọ́bóríowó tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ kúrò, ó lọ sí NPN, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ díje. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ni ìbò gómìnà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n kéde pé Ọmọ́bóríowó ló wọlé, ni ìpínlẹ̀ bá gbiná. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sun ilé, wọ́n sun mọ́tò, aládùúgbò dìde sí aládùúgbò. Ilé-ẹjọ́ ló padà dá ipò náà fún Ajásin, títí dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Nínú ìwé Bàbá Tíṣà, bí gbogbo ìyẹn ṣe wà rèé. Sátidé 13 oṣù kẹjọ: "Ìbò. Kò sí bọ́ọ̀lù." Sátidé 20: "Kò sí bọ́ọ̀lù. Ìlú ò dáa." Lẹ́yìn náà, ìlà gbọọrọ lásán, Sátidé mẹ́fà.

Bàbá aṣọ́lé tọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ yẹn, NPN ni, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀kà tó ti ń ta sìmẹ́ńtì àti ìṣó. Wọ́n sun ún. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ ní abẹ́lẹ̀ ni pé àwọn ọmọ kan láti Ìkàrẹ́ wà lára wọn, àti pé ọ̀kan nínú wọn ń gbá bọ́ọ̀lù fún àdúgbò wa.

Ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 19. Gbogbo èèyàn ló sọ fún Bàbá Tíṣà pé kó pa ìwé dé, kó fún ẹgbẹ́ tó wà lókè ní ife, ó tán. Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n òun ò dá wọn lóhùn. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ó gbé òun sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n gba Àkùngbá kọjá, wọ́n lọ sí Ọ̀kà, ilé bàbá oníṣọ́ọ̀bù. Wọn ò sọ̀rọ̀ òṣèlú. Bàbá Tíṣà ṣí ìwé, ó fi ibi tí "Àbọ̀" ti ṣófo hàn án.

Bàbá oníṣọ́ọ̀bù wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, ṣé o mọ ẹni tó sun ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Bàbá, mi ò rí i. Mo fura sí ẹnì kan ni."

"Ṣé ó wà nínú ẹgbẹ́ yín?"

Bàbá mi ní òun ò lè gbàgbé bí ilẹ̀kùn ṣe ń dún nínú afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun dákẹ́. Ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kó wá. Kó wá gbá a lójú mi."

Oṣù kẹwàá ni wọ́n gbá a. Bàbá oníṣọ́ọ̀bù jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n fi aṣọ so ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ọmọkùnrin tí wọ́n fura sí gbá gbogbo aádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Bàbá mi ní ó burú jáì lọ́jọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù ò dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rárá. Ọ̀kà 2, Ìkàrẹ́ 0. Kò sẹ́ni tó ju òkúta. Nínú ìwé, lẹ́yìn ìlà mẹ́ta, mo rí èyí: "Pákó àti ìṣó, ṣọ́ọ̀bù bàbá aṣọ́lé. Iṣẹ́ ọwọ́: ọ̀fẹ́." Mo bi bàbá mi pé ta ló ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ bomi wá fún òun mu.

Wọ́n gbá 56 pé. Sátidé tó kẹ́yìn jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Kérésìmesì.

Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ wa ti ga. Líìgì orílẹ̀-èdè di ti olówó oṣù ní 1990. Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje CAF ní 2011 àti 2012. Ní 2012 wọ́n ta ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Al Ahly ti Íjíbítì kí wọ́n tó fìdí rẹmi ní Cairo. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá "ilé" yẹn, torí pápá Àkúrẹ́ ò tó ohun tí CAF ń fẹ́. Ará Ìkàrẹ́ tó fẹ́ rí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní láti wọkọ̀ la ìpínlẹ̀ mìíràn. Owó ìjọba ló ń bọ́ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń bọ́ ti àdúgbò?

Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ kàwé ní Ọsirélíà sọ nǹkan kan fún mi tó jọ mí lójú. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù tiwọn níbẹ̀, ó rí gbọọrọ bí ẹyin, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a, èèyàn 18 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní Melbourne ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1859. Ó ní ẹ má wo ti ìlú ńlá tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ lọ wo àwọn ìlú àgbẹ̀. Níbẹ̀, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń ge koríko pápá, tí wọ́n ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, tí wọ́n ń fọ aṣọ ẹgbẹ́. Àwọn obìnrin ń gbá nẹ́tíbọ́ọ̀lù tiwọn lọ́jọ́ kan náà, nínú ẹgbẹ́ kan náà. Wàhálà wọn ni pé àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí ìlú ńlá, rẹfirí ò sì pọ̀ tó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìkàrẹ́ lẹ ń sọ yìí." Ìyá alákàrà nìkan ni wọn ò ní.

Ní ọ̀dọ̀ wa báyìí, tó bá di ọ̀sán Sátidé, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù òyìnbó, ẹ ò ní rí ibi tí ẹ máa fẹsẹ̀ sí. Ewúrẹ́ ló wà lórí pápá. Nígbà ìbò, olóṣèlú kan gbé ife wá, àwòrán rẹ̀ wà lára ife, ó wà lára jẹ́sì. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbá gbogbo rẹ̀. Wọ́n jà ní àṣekágbá, orí ọmọ kan bẹ́, olóṣèlú ti wọ mọ́tò lọ. Kò sí àbọ̀, kò sẹ́ni tó san owó ọsibítù. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ àdúgbò méjì yẹn kì í kí ara wọn nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Àkùngbá.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ló wá sọ pé kí èmi jẹ́ akọ̀wé. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ líìgì padà, ẹgbẹ́ mẹ́fà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30, kí gbogbo rẹ̀ máa parí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nítorí àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù láti ibí dé ọ̀hún.

Mo kọ́kọ́ mú ìwé náà lọ sí Ọ̀kà, mo béèrè aṣọ́lé ọjọ́ náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò nà tán. Mo dọ̀bálẹ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó wọ díǹgí, ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ẹ̀yìn. Ó ka ibi tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà, kò sọ nǹkan kan. Ó wá fi ìka lé ìlà iṣu.

"Márùn-ún kọ́," ó ní. "Mẹ́rin ló dé ọwọ́ ìyá mi. Bàbá rẹ ló gbé e wá, ìwọ lọ bi í léèrè."

Ó bọ́ díǹgí. "Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Mo ní Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá sí Ìkàrẹ́, àwa á wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú òun. Mo yọ bírò.